Ẹ Gbé Etí Yín Dání Lọ sí Trinidad

Ìrìn àjò ìgbafẹ́ la fẹ́ jọ rìn lálẹ́ òní.

Bí a bá ti dárúkọ erékùṣù Káríbíánì, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iyanrìn funfun, igi àgbọn tó tẹ̀ sójú òkun, àti ẹni tó na ara rẹ̀ gbalaja tó ń mu omi àgbọn. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá lọ sí Trinidad, tó jẹ́ pé ojú nìkan ló gbé lọ, ó ti pàdánù ohun tó dùn jù níbẹ̀. Etí ni kí ó gbé dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Port of Spain, olú ìlú wọn, ni. Mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ ládùúgbò Belmont. Obìnrin kan jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, agbada epo wà lórí iná níwájú rẹ̀, ó ń fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun pípò sínú epo gbígbóná, ó ń dún ṣàà. Ẹni tó ṣáájú mi ní kí ó fún òun ní accra mẹ́rin. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Nígbà tó kàn mí, mo nawọ́ sí i, mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Accra." Ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ bí ìyá mi ṣe ń pè é gan-an.

Àkàrà ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kò sí ẹ̀wà nínú tiwọn o. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n pò mọ́ ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, wọ́n wá fi àlùbọ́sà eléwé àti ata sí i. Ẹ̀wà ti bọ́ sọ́nà, orúkọ dé èbúté. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun díndín kan tó wú bọ̀ọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, float ni wọ́n ń pè é, ó sì di oúnjẹ àárọ̀.

Mo ṣì ń jẹ tèmi lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ta ọsàn, tó ní ọjọ́ Jímọ̀ ló kan òun nínú sou-sou. Sou-sou! Èésú ni. Àwọn tó mọ ara wọn á máa dá iye owó kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan, "ọwọ́" ni wọ́n ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, bí àwa náà ṣe ń bi ara wa pé, "Ọwọ́ mélòó lo mú?" Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Ojú tí wọ́n fi mọ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Báńkì pọ̀ ní Port of Spain bí ilé ìtajà, síbẹ̀ èésú kò kú.

Báwo ni ọ̀rọ̀ wa ṣe dé ibẹ̀ tí kò sì sọnù? Gẹ̀ẹ́sì gba Trinidad lọ́wọ́ àwọn ará Spéìn ní 1797. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1834 ni òfin ìdásílẹ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó sì di 1838 kí òmìnira náà tó kún. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìtàn wa níbẹ̀ parí síbẹ̀ yẹn. Kò parí. Láti 1841 títí di nǹkan bí 1867, ọkọ̀ òkun tún ń kó àwọn ènìyàn wa dé. Àwọn wọ̀nyí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lórí omi, tó já wọn sílẹ̀ ní Sàró tàbí ní erékùṣù St. Helena, kí wọ́n tó wá kó wọn lọ ṣiṣẹ́ oko ní Trinidad. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé ti fọ́, tí ogun ń lé ogun nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó ènìyàn lẹ́rú tó nígbà náà. Àwọn wọ̀nyí dé pọ̀, wọ́n gbé pọ̀, wọ́n ń sọ èdè wọn láàárín ara wọn. Yarraba ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ọ̀mọ̀wé Maureen Warner-Lewis, ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè náà, wá àwọn arúgbó tó jẹ́ àtọmọdọ́mọ wọn kàn láti ìletò dé ìletò, ó gba orin àti ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ìkẹyìn ti gúnlẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, Trinidad Yoruba, jáde ní 1996. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó wá ìwé náà kà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọjá, tí ẹ rí àgbàlá tí àsíá aláwọ̀ oríṣiríṣi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọ̀pá ọparun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé òrìṣà. Mo ní ó ṣeé ṣe, torí pé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù náà máa ń ri irú àsíá bẹ́ẹ̀ mọ́ iwájú ilé wọn. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé, ẹ bọ́ bàtà, ẹ má sì yọ fóònù láti ya fọ́tò láìgbàṣẹ. Ẹ ó gbọ́ orúkọ Ṣàngó, ti Ògún, ti Ọ̀ṣun. Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé bẹ àwọn olórìṣà ibẹ̀ wò ní 1988, wọn kò sì tíì gbàgbé. Ní 1999 ni òfin orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí i pé àwọn olórìṣà lè so ìgbéyàwó pọ̀ bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń so ó.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ọ̀rọ̀, ká bọ́ sórí ìlù. Ní 1881, àwọn ará ìlú àti ọlọ́pàá gbéná wojú ara wọn nígbà Carnival. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba fi òfin de ìlù awọ lílù ní ìgboro. Ẹni tí ẹ gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ kò gba ìlù nínú rẹ̀, kí lẹ rò pé yóò ṣe? Wọ́n gé ọparun, gígùn pẹ̀lú kúkúrú, wọ́n ń fi gún ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dún lóhùn tirẹ̀. Nígbà tó di bí ọdún 1930 sókè, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lu agolo bísíkíìtì, agolo ọ̀dà, ìdérí garawa ìdalẹ̀nù. Ẹnì kan ṣàkíyèsí pé ibi tí agolo bá ti tẹ̀ wọnú, ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀. Trinidad sì jẹ́ ilẹ̀ epo rọ̀bì, dọ́ọ̀mù epo tó ti ṣófo kò wọ́n wọn. Bí wọ́n ṣe bọ́ sórí dọ́ọ̀mù nìyẹn, tí àwọn bíi Winston Simon àti Ellie Mannette sọ ọ́ di ohun èlò orin tí ayé mọ̀ sí steelpan. Pan ni àwọn onílé ń pè é ní kúkúrú.

Mo jókòó ti ẹni tó ń tún pan ṣe fún wákàtí kan gbáko, n kò sì mọ̀ pé àkókò ń lọ. Wọ́n ti fi òòlù lu orí dọ́ọ̀mù náà wọnú títí ó fi jin bí àwo ọbẹ̀ ńlá. Wọ́n ti fa ìlà sí i, wọ́n ti pín in sí ojú ojú, ojú kọ̀ọ̀kan wú díẹ̀ bí ibi tí kòkòrò jẹ lára. Wọ́n ti yan án lórí iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú kí ojú kọ̀ọ̀kan sọ ohùn kan ṣoṣo. Ó fi òòlù kékeré kan ojú kan láti òkè, ó tẹ́tí. Ó yí dọ́ọ̀mù náà padà, ó kan án láti abẹ́, ó tún tẹ́tí. Bí ó bá tún èyí ṣe tán, tẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a ti yẹ̀, á tún padà sórí ìyẹn. Kò bá mi sọ̀rọ̀, kò sì wojú mi. Nígbà tó yá, ó mú igi méjì tí wọ́n fi rọ́bà wé lórí, ó fi nu ojú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, irin sì kọrin. Mo ti gbọ́ gángan tó ń ki ọba rí. N kò tíì gbọ́ irin tó ń fọhùn bí ọmọbìnrin.

Lóru ọjọ́ náà ni gbogbo ẹgbẹ́ wọn wá péjọ. Àwọn tó ń lu pan kékeré wà níwájú, àwọn tó ń lu odindi dọ́ọ̀mù fún ohùn ilẹ̀ wà lẹ́yìn, ọ̀dọ́mọdé, ìyá arúgbó, òṣìṣẹ́ báńkì tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Wọn kì í ka orin láti inú ìwé. Orí ni wọ́n fi ń kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Ìdíje tí wọ́n ń múra fún ni Panorama, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, tí ẹgbẹ́ ńlá kan lè kó tó 120 ènìyàn wá sí orí pèpéle. Láti bí oṣù Kìíní ni ìgbáradì yìí máa ń gbóná ní alaalẹ́, ọ̀pọ̀ àgbàlá wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ pan, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Èyí tí wọ́n ń lù ní hòtẹ́ẹ̀lì fún àlejò tó ń jẹun kò tó bàbà.

Ti Carnival fúnra rẹ̀, Mọ́ńdè àti Túsìdeè tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ni. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń para ní ẹrẹ̀, ní ọ̀dà, ní epo dúdú, tí wọ́n ń jó káàkiri ìgboro. Aṣọ tí ẹ kò ní sunkún lé lórí ni kí ẹ wọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí moko jumbie, àwọn tó ń fi igi gígùn rìn, tí orí wọn ga ju òrùlé lọ. Ẹni tó bá ti rí àgéré rí ní Èkó, kò ní béèrè ohun tó jẹ́. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé gbígbé máa ń fò sókè lásìkò náà, èrò sì máa ń pọ̀ débi pé ẹ ò ní ráyè bá onílé sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ ní kí n yan àsìkò, ìparí oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni n ó yàn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni Ọjọ́ Ìdásílẹ̀. Láti 1985 ni ìjọba wọn ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú. Ẹ ó rí agbádá, ẹ ó rí gèlè, ẹ ó rí àwọn tó fi àdìrẹ rán aṣọ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ, tí wọ́n ń tò lọ láàárín Port of Spain pẹ̀lú ìlù. Òjò lè pa yín díẹ̀, torí àsìkò òjò ni. Ẹ mú agbòòrùn dání.

Tí ẹ bá kúrò ní olú ìlú, ní gúúsù erékùṣù náà ni adágún ọ̀dà La Brea wà. Ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì ni mo wí o, tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ rú jáde fúnra rẹ̀, tó fẹ̀ tó nǹkan bí éékà 100. Àwọn ará Ondó tó mọ Àgbábù mọ irú ohun tí mò ń sọ. Ti La Brea le lókè tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú afinimọ̀nà, torí àwọn ibì kan wà tó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ẹ bá dúró lójú kan pẹ́, bàtà yín á bẹ̀rẹ̀ sí í rì díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti wa ọ̀dà lónìí a máa dí fúnra rẹ̀. Ní 1595 ni Walter Raleigh, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀dà yìí dí ara ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jò, kí àwọn mìíràn tó wá kó o lọ tẹ́ títì káàkiri ayé, títí kan òpópónà Pennsylvania ní Washington. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á dúró sínú àwọn kòtò rẹ̀, àwọn ará ìlú a máa wẹ̀ níbẹ̀ torí imí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ó dára fún awọ ara.

Bí ẹ bá ń ti La Brea bọ̀, ẹ yà sí Waterloo. Àwọn ará Íńdíà náà ní ìtàn tiwọn lórí ilẹ̀ yìí. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1845 ni ọkọ̀ Fatel Razack kó àwọn àkọ́kọ́ wọn dé láti wá ṣiṣẹ́ oko ìrèké. Ọ̀kan nínú àwọn ará Íńdíà ibẹ̀, Siewdass Sadhu, kọ́ tẹ́ńpìlì kan sétí òkun. Wọ́n ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n wó o, wọ́n sì ju bàbá náà sẹ́wọ̀n ọjọ́ 14. Nígbà tó jáde, ó ní bí ilẹ̀ bá ní olówó, òkun kò ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ru òkúta àti sìmẹ́ńtì lọ sínú omi nígbàkúùgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, òun nìkan, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é, ó sì kọ́ tẹ́ńpìlì náà sínú òkun. Wọ́n ti tún un kọ́ báyìí, ọ̀nà sì wọ inú rẹ̀ láti èbúté. Ère Siewdass dúró níbẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo bí omi ṣe ń kọlu òkúta, n kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti wà ní irà Caroni, tí kò jìnnà sí olú ìlú. Ẹni tó bá ti wọ omi Ìlàjẹ rí yóò mọ irú igi tó wà níbẹ̀, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró sórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín gba abẹ́ wọn, afinimọ̀nà á máa nawọ́ sí ejò tó ká ara rẹ̀ jọ sórí ẹ̀ka tó ń sùn. Tí ẹ bá dé ibi gbayawu, yóò pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ẹyẹ kan ṣoṣo, pupa rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn náà ni mẹ́wàá, ọgbọ̀n, ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń ti ọ̀nà òkun bọ̀ wálé sùn sórí igi kan náà, títí tí ewé tútù ibẹ̀ kò fi ní hàn mọ́. Scarlet ibis ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ẹyẹ orílẹ̀-èdè Trinidad. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, àwọ̀ rẹ̀ kì í pọ́n. Edé àti alákàn tó ń jẹ ló ń fún un ní pupa yẹn. Ariwo kò sí. Ìyẹ́ wọn nìkan lẹ ó máa gbọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọn aṣọ wò.

Èyí tó wá kù lọ́kàn mi jù ni ìjàpá òkun. Ní Grande Riviere àti Matura, ní apá àríwá ìlà-oòrùn, ìjàpá ńlá kan tí kò ní igbá líle, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí awọ bàtà, máa ń gòkè wá yé ẹyin láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo ju ènìyàn mẹ́rin lọ. Òru ni wọ́n ń wá. Ẹ ó gba ìwé àṣẹ, ẹ ó sì bá afinimọ̀nà lọ. Iná pupa kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni iná tí ẹ gbọ́dọ̀ rí. A jókòó sórí iyanrìn nínú òkùnkùn biribiri. Kí a tó rí i la ti gbọ́ ọ. Ó ń mí hìn-ìn, bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó ń wọ́ ara rẹ̀ gòkè, ó ń sinmi, ó tún ń wọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ kòtò. Ẹsẹ̀ náà ká bí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, ó bu iyanrìn, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jẹ́ kí ó dà padà, bẹ́ẹ̀ kò rí ohun tó ń ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Ó yé nǹkan bí 80 ẹyin, wọ́n funfun, wọ́n rí róbótó. Omi ń dà lójú rẹ̀. Afinimọ̀nà wa ní iyọ̀ òkun tó ti gbé mì ló ń tú dànù, kì í ṣe ẹkún. Obìnrin tó jókòó tì mí kò gbà. Ó ní ìyá ọlọ́mọ ni òun, òun mọ ẹkún.

Ó bo ẹyin náà, ó tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, ó da iyanrìn káàkiri kí ọ̀tá má baà mọ ojú ibẹ̀, ó sì padà sínú òkun. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, àwọn ọmọ á hú jáde, wọ́n á sì máa sáré lọ síbi tó bá mọ́lẹ̀ jù, torí ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lóru níbi tí kò sí iná. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì tàbí fóònù, ẹ ti ṣì wọ́n lọ́nà nìyẹn, wọ́n á kú sórí ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín. Láyé ìgbà kan, àwọn ará ìletò wọ̀nyẹn ń pa ìjàpá yìí jẹ. Ní 1990 ni àwọn ará Matura dá ẹgbẹ́ Nature Seekers sílẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ etíkun lóru. Owó tí àlejò ń san fún afinimọ̀nà ń bọ́ ilé wọn báyìí.

Ti oúnjẹ, n kò ní lè sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ doubles láàárọ̀: búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ata ilẹ̀ pupa sí tí wọ́n sì dín, ẹ̀wà channa oníkọrí wà láàárín wọn. Ẹni tó ń tà á á bi yín nípa ata. Ẹ ní díẹ̀. Ata wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ata rodo tí ẹ ń fojú di. Ní etíkun Maracas, ẹ jẹ búrẹ́dì díndín tí wọ́n fi ẹja ṣáàkì sí, pẹ̀lú omi àjàgbọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín wálé, callaloo ni yóò gbé síwájú yín. Ewé kókò ni wọ́n sè pẹ̀lú ilá, wàrà àgbọn àti alákàn. Ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ dàgbà kò ní béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Tobago, erékùṣù kejì orílẹ̀-èdè náà, ńkọ́? Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni bàlúù fi ń dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi náà sì wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sinmi. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì á gbé yín dé Buccoo láti wo iyùn òkun àti ẹja aláràbarà, ẹ ó sì dé Nylon Pool, níbi tí ènìyàn ti lè dúró láàárín òkun kí omi má ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Ẹ má tẹ iyùn náà. Ohun alààyè ni. Túsìdeè tó tẹ̀lé Àjíǹde ni wọ́n ń fi ewúrẹ́ sáré ìje ní Buccoo, láti 1925, tí ẹnì kan ń fi okùn di ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan mú, tí òun náà ń sá tẹ̀lé e. Igbó Main Ridge wà lórí òkè, tí wọ́n ti fi òfin dáàbò bò láti 1776 kí òjò má baà dáwọ́ dúró fún oko wọn. Ẹ wo ọgbọ́n náà, ní ọdún yẹn.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ní kí ẹnì kan pa fún yín. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Gang Gang Sara fò láti ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Tobago láti wá ìdílé rẹ̀. Ó rí wọn, ó bá wọn gbé títí ó fi darúgbó. Nígbà tó fẹ́ padà sílé, ó gun igi àràbà, ó fẹ́ fò, ó já bọ́, ó kú, nítorí pé ó ti jẹ iyọ̀ ilẹ̀ àjèjì. Sàréè tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Golden Lane. Igi àràbà ni o. Nínú gbogbo igi erékùṣù yẹn, àràbà ló gùn.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó di ẹrù. Ẹ má mú aṣọ aláràbarà bí ti sójà, ì báà jẹ́ ti ọmọdé. Ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin ni níbẹ̀. Ẹ mú yẹ́lò káàdì yín dání, ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ físà dáadáa kí ẹ tó sanwó bàlúù. Ní etíkun, ibi tí àsíá àwọn olùṣọ́ bá ní kí ẹ wẹ̀ dé ni kí ẹ wẹ̀ dé. Igi kan wà létí òkun tí èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, manchineel ni wọ́n ń pè é: májèlé ni, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì sá sábẹ́ rẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀, oje rẹ̀ a máa bó awọ. Àwọn àdúgbò kan kò ṣeé rìn lóru láìsí onílé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹ kí ènìyàn tí ẹ bá wọ ọkọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó wọlé láìkí ènìyàn, ojú ẹni tí wọn kò kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan bá sì pàdé yín nírọ̀lẹ́ tó ní "Good night", kì í ṣe pé ó ń lé yín lọ sùn. Ẹ káalẹ́ ló ń wí.

Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n máa bọ̀, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní àgbàlá òrìṣà. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ni mí, ó jókòó dáadáa, ó ti ojú rẹ̀ dé, ó kọrin kan fún mi. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ó mọ orin náà láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì rí ẹni bi láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó bi mí. Ohùn ti yẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ti súnkì, mo sì ní kí ó tún un kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó mú ìlà méjì nínú rẹ̀. Mo sọ ìtumọ̀ ìlà méjèèjì fún un. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé iléèwé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ, irú rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ sí yín. Bí wọ́n bá pe ọ̀rọ̀ wa bí wọ́n ṣe lè pè é, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ní kí wọ́n tún un pè, kí ẹ sì pe tiwa fún wọn díẹ̀díẹ̀.